Ọkàn Tí Ń Sáré Nígbà Tí Ara Ń Sinmi

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe yìí kò ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan, ìbáà wà nílé, ìbáà wà ní ìdálẹ̀. Síbẹ̀, ó yani lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń dákẹ́ nígbà tí ara wọn bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú ní Maiduguri, tí oòrùn Borno tí ó ti ń jó ni láti àárọ̀ bá wọ̀, tí àwọn oníṣòwò sì ń palẹ̀ ọjà mọ́, kò ṣòro láti rí irú bàbá kan tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní ìlú náà. Ó lè jẹ́ télọ̀, ó lè jẹ́ oníṣòwò ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó sì lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà kan rí, irú bàbá bẹ́ẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ọjà dé ilé láìdúró. Nísinsìnyí, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń dúró mí lọ́nà. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, bàtà rẹ̀ kì í gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá di òru, ìrọ̀rí kan kò tó o. Méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, ni ó ń tò jọ sábẹ́ orí, nítorí pé bí ó bá sùn gbalaja, èémí rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ dí.

Bí ìyàwó rẹ̀ bá bèèrè ohun tí ó ń ṣe é, a ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bèèrè, a ní ọjọ́ ogbó ti dé. Bí ó bá ku òun nìkan, a bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé bóyá ọwọ́ ayé ni. Kí oṣù tó parí, ó ti ń múra láti wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn, ọ̀nà tí ó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, kí ó lè lọ tọ́jú ara rẹ̀ nílé.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Kò sí ẹni tí ó jókòó tì í, tí ó fi ìka lé iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì ka iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Iṣẹ́ kékeré ni, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni pé iye yìí, bí a bá kà á nígbà tí ara ń sinmi, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àmì tí ó ń sọ bí nǹkan ṣe rí fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, àti ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ.

ÀÁRẸ̀ Ọ̀KÀN, KÍ NI Ó JẸ́?

Ọkàn kò tóbi ju ìkúùkù olúwa rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ó bá fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a jáde. Bí ó bá dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a wọlé. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá dínkù, tàbí tí ó bá le débi pé kò lè dẹ̀ dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa lọ síwájú a bẹ̀rẹ̀ sí ṣù jọ lẹ́yìn. Omi inú ẹ̀jẹ̀ náà a jò sínú ẹ̀dọ̀fóró, èémí a sì nira. A tún jò sínú ẹsẹ̀ àti ikùn, wọn a sì wú. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní heart failure, èyí tí a lè pè ní àárẹ̀ ọkàn. Kò túmọ̀ sí pé ọkàn ti dá iṣẹ́ dúró. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé iṣẹ́ ti ju agbára rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọkàn bá rẹ̀, ara kì í jókòó wò ó. Kíndìnrín a rò pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí há omi àti iyọ̀ mọ́ ara. Ọpọlọ a ránṣẹ́ sí ọkàn pé kí ó yára, ara a sì tú àwọn èròjà tí ń ta ọkàn jí sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ìrànlọ́wọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá di oṣù, tí ó di ọdún, ó di ìpalára. Ó dà bí ẹṣin tí ó ti rẹ̀, tí ẹni tí ó gùn ún kò sì yé nà án ní pàṣán: ẹṣin náà a sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n eré náà ni yóò pa á. Bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè lè jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga, kí ọkàn rẹ̀ máa sá eré ẹṣin náà nínú àyà rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

ÀÌSÀN ÀWỌN TÍ Ń ṢIṢẸ́ LỌ́WỌ́

Àwọn ènìyàn kan rò pé àìsàn àwọn arúgbó ilẹ̀ òyìnbó ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 2007 sí 2010, àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn 12 ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú, ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní THESUS-HF. Wọ́n tẹ̀lé aláìsàn 1,006 tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn nítorí àárẹ̀ ọkàn. Ọjọ́ orí wọn, bí a bá ṣírò rẹ̀ pọ̀ kí a sì pín in, jẹ́ ọdún 52. Ẹni ọdún 52 kì í ṣe arúgbó; òun ni ó ń san owó ilé ìwé ọmọ, òun ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá nílé, òun ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wo ojú rẹ̀. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, nǹkan bí 18 nínú 100 wọn ti kú.

Kí ni ó fa àìsàn náà? Ní ilẹ̀ òyìnbó, dídí iṣan tí ń bọ́ ọkàn ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú ìwádìí THESUS-HF, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣáájú, ó sì jẹ́ nǹkan bí 45 nínú 100. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 ní ọdún 2009 àti 2010, ti ẹ̀jẹ̀ ríru ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó lé ní 78 nínú 100. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Borno gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Maiduguri ní ọdún 1964, àti ṣáájú rẹ̀ pàápàá, ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń bá iṣẹ́ àti òwò wá sí apá ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ń ru nílé kì í gbàgbé láti bá olúwa rẹ̀ dé ìdálẹ̀. Kì í dunni, kì í yúnni. Ó lè wà lára fún ogún ọdún kí ọkàn tó wá rẹ̀ lábẹ́ ẹrù rẹ̀.

OHUN TÍ IYE LÍLÙ ỌKÀN Ń SỌ

Ọkàn àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le a máa lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ó bá ń sinmi. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkàn tí ń lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan yóò lù ní ìgbà 100,800 ní ọ̀sán àti òru kan. Èyí tí ń lù ní ìgbà 90 yóò lù ní ìgbà 129,600. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn jẹ́ 28,800 lójoojúmọ́, láìjẹ́ pé olúwa rẹ̀ gbé ẹrù tàbí gun òkè. Fún ọkàn tí ó le, èyí lè ṣe é mú mọ́ra. Fún ọkàn tí ó ti rẹ̀, iṣẹ́ àfikún ni, kò sì sí owó oṣù lórí rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìgbà tí ọkàn bá dẹ̀, láàárín lílù kan sí èkejì, ni ó máa ń kún fún ẹ̀jẹ̀, ìgbà náà sì ni ẹran ara ọkàn fúnra rẹ̀ ń rí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ mu jù. Bí lílù náà bá yára, àkókò ìsinmi yìí ni ó ń kúrú. Ọkàn a wá dà bí òṣìṣẹ́ tí a fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀, tí a sì tún gba àkókò oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 2010 ni àbájáde ìwádìí ńlá kan tí ń jẹ́ SHIFT jáde. Aláìsàn tí ó lé ní 6,500 láti orílẹ̀-èdè 37 ni ó kópa nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ni ọkàn wọn ti rẹ̀ gan-an, gbogbo wọn ni ọkàn wọn ń lù déédéé ní ìgbà 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìsinmi, ọ̀pọ̀ jùlọ wọn sì ti ń lo oògùn. Nígbà tí wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọ́n rí i pé àwọn tí ọkàn wọn ń lù ní ìgbà 87 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ewu tí ó ju ìlọ́po méjì ti àwọn tí tiwọn kò tó 72: ewu kí wọ́n kú ikú ọkàn, tàbí kí wọ́n tún bá ara wọn lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Lílù kọ̀ọ̀kan tí ó lé sí i fi nǹkan bí 3 nínú 100 kún ewu náà. Nígbà tí wọ́n sì fún apá kan nínú wọn ní oògùn ivabradine, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dín ìsáré ọkàn kù lọ, ewu náà fi 18 nínú 100 dínkù. Nínú ìwádìí THESUS-HF ti ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú, iye tí ọkàn ń lù nígbà tí aláìsàn dé ilé ìwòsàn wà lára àwọn ohun tí ó ń fi ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè burú hàn.

OÒGÙN TÍ WỌ́N TI Ń BẸ̀RÙ TẸ́LẸ̀

Àwọn oògùn kan wà tí ń dá pàṣán dúró lára ọkàn, bíi bisoprolol, carvedilol àti metoprolol. Nígbà kan rí, èèwọ̀ ni fún dókítà láti fún ẹni tí ó ní àárẹ̀ ọkàn ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, nítorí èrò wọn ni pé ọkàn tí kò lágbára kò gbọ́dọ̀ pàdánù ohun tí ń ta á jí. Ní ọdún 1975, Finn Waagstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Göteborg ní orílẹ̀-èdè Sweden gbé èsì jáde lórí aláìsàn 7 péré tí wọ́n fún ní irú oògùn náà, tí ara wọn sì yá sí i. Ọ̀pọ̀ dókítà kò gbà á gbọ́. Ó tó ọdún mẹ́rìnlélógún kí àríyànjiyàn náà tó parí: ní ọdún 1999, ìwádìí tí wọ́n fi bisoprolol ṣe lórí aláìsàn 2,647 fi hàn pé ikú fi 34 nínú 100 dínkù láàárín àwọn tí ó lò ó.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé iyèméjì tí ó wà lọ́kàn àwọn dókítà nígbà náà ni ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ aláìsàn lónìí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oògùn náà lè mú kí ara wúwo díẹ̀. Aláìsàn a ní oògùn náà kò bá òun lára mu, a sì sọ ọ́ nù. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tí ó kéré jù, tí wọ́n sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá dá oògùn náà dúró lójijì ń ṣe ara rẹ̀ ní ibi, nítorí pé ọkàn lè padà sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bákan náà ni ẹni tí ó bá lọ dá a rà lọ́jà láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Oògùn yìí kò yẹ gbogbo ènìyàn, pàápàá ẹni tí ó ní ikọ́ fée tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lọ́ra jù tẹ́lẹ̀.

BÍ A ṢE Ń KÀ Á

Kíka lílù ọkàn kò le. Kí aláìsàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ní àárọ̀, kí ó tó jẹun, kí ó sì tó lo oògùn. Kí ó fi ìka méjì, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, lé ọrùn ọwọ́, ní apá ibi tí àtàǹpàkò wà. Kí ó má ṣe fi àtàǹpàkò kà á, nítorí àtàǹpàkò ní iṣan tirẹ̀ tí ń lù. Kí ó wo aago, kí ó sì ka ìṣẹ́jú kan pé pérépéré. Kí ó kíyè sí i bóyá ó ń lù déédéé, tàbí ó ń fò, tí ó ń ṣe ségesège. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ iye náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Iye ọjọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹjọ́ ìdájọ́. Ìlú Maiduguri gbóná. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ooru lè kọjá ìwọ̀n 40, òógùn tí ń jáde lára sì lè mú ọkàn yára. Ibà lè mú un yára, àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú un yára, ìbẹ̀rù lè mú un yára, obì àbàtà tí a jẹ ní òwúrọ̀ náà lè mú un yára. Ohun tí dókítà ń wá ni iye tí kò sọ̀kalẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Bí ẹni tí ó ti ń lo oògùn àárẹ̀ ọkàn bá rí i pé iye tirẹ̀ kò kúrò ní 70 sókè fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ó gbé ìwé náà lọ fún dókítà. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 50 lọ, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, kí ó lọ kíákíá. Bí lílù náà bá sì ń ṣe ségesège, kò gbọdọ̀ fi falẹ̀, nítorí irú rẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ dídì náà sì lọ dí iṣan ọpọlọ, kí ó di àrùn rọpárọsẹ̀.

ÀWỌN ÀMÌ MÌÍRÀN

Igi kan kì í dágbó ṣe. Iye lílù ọkàn ní àwọn ẹlẹgbẹ́. Èkíní ni ìwọ̀n ara. Bí aláìsàn bá fi ohun tí ó ju kìlógíráàmù méjì lọ sanra láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe ẹran ni ó kún, omi ni. Èkejì ni wíwú ẹsẹ̀: bí a bá fi ìka tẹ ẹ́, tí ibẹ̀ sì dá kòtò tí kò tètè dìde, omi ni. Ẹ̀kẹta ni iye ìrọ̀rí tí olúwa rẹ̀ nílò kí ó tó lè sùn.

Àwọn àmì kan tún wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ ní Japan rí èròjà kan nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì fi ọpọlọ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yìn náà ni ó wá hàn pé ọkàn gan-an ni ó ń tú u jáde jù, pàápàá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kún un ju bí ó ti yẹ lọ. BNP ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ó bá a rìn ń jẹ́ NT-proBNP. Bí iye NT-proBNP ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ dókítà kò bá tó 125, ó ṣòro kí ó jẹ́ pé àárẹ̀ ọkàn ni ó ń dà á láàmú. Bí ó bá pọ̀, ó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn náà. Ọjọ́ ogbó àti àìsàn kíndìnrín lè gbé iye yìí sókè, sísanra jọ̀kọ̀tọ̀ sì lè fà á sílẹ̀. Nítorí náà, dókítà ni ó lè túmọ̀ rẹ̀. Dókítà tún lè wo bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, bí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kì í ṣe gbogbo ilé àyẹ̀wò ni ó ní èròjà fún gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò ní ọrùn ọwọ́ àti aago.

IYỌ̀ ÀTI KÁÚN

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò ṣeé fojú fò, pàápàá ní Borno. Ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń fi káún se ewédú àti ẹ̀wà láìmọ̀ pé agbègbè adágún Chad, nítòsí Maiduguri, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá láti ayébáyé. Èròjà tí ó wà nínú iyọ̀, tí ń há omi mọ́ ara, ni ó pọ̀ nínú káún pẹ̀lú. Aláìsàn tí ó bá ti dín iyọ̀ kù, ṣùgbọ́n tí ọbẹ̀ rẹ̀ kún fún káún àti magí, iwájú ni ó ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ni ó ṣí sílẹ̀.

Káún yìí náà wà nínú ìtàn àìsàn ọkàn kan tí a mọ ìhà àríwá mọ́: èyí tí ń mú obìnrin ní oṣù tí ó kẹ́yìn oyún, tàbí láàárín oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ní Zaria kíyè sí i pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ìyálọ́mọ tí ń fi omi gbígbóná wẹ̀, tí ń sùn sórí ibùsùn amọ̀ tí a dáná sí lábẹ́, tí wọ́n sì ń mu ògì oníkáún fún ogójì ọjọ́. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ọkàn láti Kánò ṣe lẹ́yìn náà kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àṣà yìí nìkan ni ó fà á. Wọ́n tún rí i pé èròjà selenium kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà. Ohun tí ó yẹ kí ìyálọ́mọ Yorùbá ní Maiduguri dì mú ni pé èémí tí kò jẹ́ kí ó lè dùbúlẹ̀ kì í ṣe àárẹ̀ ọmọ títọ́ lásán. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń sáré nígbà tí ọmọ bá ti sùn, tí òun náà sì jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

ÌWÉ KÉKERÉ KAN

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìdídò Alau ya, omi sì bo apá púpọ̀ nínú Maiduguri. Omi náà wọ inú ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Maiduguri, èyí tí ó ti ń tọ́jú àwọn ènìyàn láti ọdún 1983. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni káàdì ilé ìwòsàn ń bá omi lọ, tí oògùn ń rẹ, tí aláìsàn sì lè bá ara rẹ̀ níwájú dókítà tí kò rí i rí. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ oògùn rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ àti iye tí ọkàn rẹ̀ ń lù, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí ó fi ọ̀rá wé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwé kan náà ni yóò gba ẹni tí ó fẹ́ lọ sílé. Kò burú kí ènìyàn fẹ́ wà láàárín àwọn ẹbí rẹ̀ nígbà àìsàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Maiduguri sí ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ọ̀nà tí ẹni tí omi wà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń wọ̀ láìgba ìtọ́jú. Ìjókòó gígùn ń mú ẹsẹ̀ wú, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà kún fún iyọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í lo oògùn tí ń mú ni tọ̀ lọ́jọ́ ìrìn àjò, kí wọ́n má baà máa dá ọkọ̀ dúró; omi náà a sì kún wọn láyà kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn dókítà tí ó mọ iṣẹ́ ọkàn wà ní Maiduguri. Kí aláìsàn kọ́kọ́ rí wọn, kí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ó gba lẹ́tà àti oògùn tí yóò tó o, lẹ́yìn náà kí ó lọ kí àwọn ará ilé.

Kí bàbá tí ń to ìrọ̀rí jọ lóru má ṣe dúró di ọjọ́ tí ìrọ̀rí kò ní tó o mọ́. Kí ìyàwó rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé ìwé, jókòó tì í ní àárọ̀ ọ̀la kí ọjà tó ṣí, kí ó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ bàbá, kí ó wo aago, kí ó sì kà. Bí iye náà bá ga, kí wọ́n má ṣe bínú sí i, kí wọ́n má sì ṣe fi pamọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè túmọ̀ rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.